Ẹja Ò Lóhùn

Bàbá mi, Yísá alápatà nílùú Ẹ̀pẹ́,
ẹ̀yìn ni í fi ọ̀bẹ sí.
Á kọ́kọ́ bu omi fún màlúù,
á dúró kó mu ún tẹ́rùn,
á fọwọ́ pa á lójú bí ọmọ tó fẹ́ sùn
kó tó ní bísímílà.
Ẹni tó bá pọ́n ọ̀bẹ níwájú ẹran,
lílé ni í lé e kúrò lódò ẹran.
“Pípa la fẹ́ pa á,” á ní, “a ò ní ká dẹ́rù bà á.”

Èmi, ẹja lèmi ń pa l'Ólúwo, létí ọ̀sà.
Ọdún kọkànlá rèé.
Ẹja kì í ké.
Màá da iyọ̀ lé àrọ̀ lórí nínú bàsíà,
á máa jà, á máa fìrù na irin,
omi á ta sí mi lójú, màá bú u,
màá máa ka owó oníbàárà lọ.

Sátidé kan, obìnrin kan wá láti Lẹ́kí
tòun tọmọ rẹ̀, tí eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká.
Ọmọ bẹ̀rẹ̀ mọ́ bàsíà:
“Màámi, ṣé ó ń dùn ún ni?”
“Ẹja ni, jàre.”
“Ẹnu ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ o. Kò kàn lóhùn ni.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo gé e sí mẹ́rin bí wọ́n ṣe fẹ́.
Àmọ́ nígbà tí mò ń fọ ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ èékánná lálẹ́,
Yísá wọlé tọ̀ mí wá láìkan ilẹ̀kùn.
Màlúù lóhùn, a bu omi fún un.
Ẹja tó ti inú omi bọ̀,
iyọ̀ la fún un.

Mo ti wá ní kùmọ̀ kan báyìí, igi ayùnrẹ́, kò gùn.
Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, lágbárí, gbì!
Kí ọ̀bẹ tó kàn án, ó ti lọ.
Ìyá Súwébátù tá a jọ jókòó ń fi mí ṣẹ̀sín:
“Ẹ wá wo dókítà ẹja!
Ṣé wàá tún daṣọ bò ó ni?”
Iyọ̀ yá ju kùmọ̀ lọ, irọ́ kọ́.

Ẹ má pè mí lẹ́ni mímọ́.
Orí àrọ̀ ni mo fi jẹ ẹ̀bà lánàá,
mo fa egungun rẹ̀ mu.
Ó dùn.
Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn náà ni, ó kàn yí padà lẹ́nu mi.
Ṣé ẹni tó ń jẹ ẹran lè ní òun ṣàánú ẹran?
Bàbá mi ò dúró kí n bi í.

Láàárọ̀ yìí sá, kí n tó gbé kùmọ̀ sókè,
mo rí i pé ọwọ́ mi kejì
ti fi ọ̀bẹ sí ẹ̀yìn.