Kọ́ọ̀sì Kan Péré

Adágún ti dì gbagidi lẹ́yìn ilé Verna Halcrow,
ọkọ̀ òfuurufú tó ń kó lẹ́tà kò tíì dé láti ọjọ́ Ẹtì.
Ó tẹ́ ìwé ilé-ẹ̀kọ́ sórí tábìlì,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ọbẹ̀ ẹja tó ti tutù.
Owó-orí: oṣù mẹ́rin.
Àyẹ̀wò ìwé owó: ó gùn, ó wọ́n,
wọ́n ní ẹni tí kò bá ní sùúrù kó má wulẹ̀ dán an wò.

Owó ọwọ́ rẹ̀ kò ju ti ẹyọ kan lọ.
Lẹ́tà mẹ́ta ni yóò tẹ̀lé orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan;
ọjọ́ náà jìnnà ju Winnipeg lọ.

Ó fàlà sábẹ́ owó-orí.
Ó pa á rẹ́.
Agolo bisikíìtì bàbá rẹ̀ ṣì wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù,
rìsíìtì ọgbọ̀n ọdún ló kún inú rẹ̀:
kílò tí àwọ̀n kó,
kílò tí oníbàárà kọ sílẹ̀,
méjèèjì kò bára mu rí.
Bàbá a máa rẹ́rìn-ín: "Ẹja náà gbẹ lójú ọ̀nà ni."

Ẹja kì í gbẹ nínú yìnyín.

Ó fi àmì sí èyí tó wọ́n.
Níta, ajá ń gbó sí ojú ọ̀run.
Ó wá sítáǹbù káàkiri, kò rí.