Ọrùn Igi

Oṣù Èrèlé, ní McMinnville, ìpínlẹ̀ Tẹnẹsí,
yìnyín ṣì dì mọ́ òrùlé gbọ̀ngàn àwọn panápaná
níbi tí wọ́n to àga irin sí, ọgọ́rin ó lé díẹ̀.
Àwa tí ń tọ́ igi tà, àwa tí ń gbin òdòdó síwájú ilé olówó,
a wọlé tàwa ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀,
a gba kọfí nínú ife pépà,
a fọwọ́ síwèé kí wọ́n lè fún wa ní máàkì
tí ìjọba fi ń tún ìwé àṣẹ wa ṣe.
Kí n má purọ́: torí máàkì ni mo ṣe wá,
torí máàkì, àti torí pé ibẹ̀ móoru.

Ọkùnrin tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ kòkòrò tí ń jẹ èèpo igi.
Àwòrán rẹ̀ kéré lára ògiri, ohùn rẹ̀ ń tòògbé.
Ewart Pelfrey ń han-an-run ní ìlà kẹta
bí ẹ̀rọ ìgékoríko tí epo fẹ́ tán nínú rẹ̀.

Ìgbà náà ni Lorna Stubblefield dìde.
Kò tan àwòrán kankan.
Ó gbé òkú igi kan ka orí tábìlì, gbìì,
igi mépù, ọmọ ọdún mọ́kànlá.
Ó ní, "Ẹ súnmọ́ mi. Ẹ wo ọrùn rẹ̀."

Gbòǹgbò kan, tó tó ọrùn-ọwọ́ ọmọdé,
ti yí ìdí igi po lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí i lẹ́ẹ̀kejì,
ó fún un pinpin.
"Ọ̀dá kọ́ ló pa á," ó ní, "kòkòrò kọ́.
Inú ike ló ti kọ́ ìrìn.
Ó nà, ó kan ògiri. Ó ṣẹ́rí, ó kan ògiri.
Ó gbà pé bí ayé ṣe mọ nìyẹn.
Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilẹ̀ gbalasa,
ayé ti fẹ̀, òun ò mọ̀."

Ẹ̀ka òkè, kékeré la ti ń pa á;
ta ló ń rántí ìsàlẹ̀?

Ó fa igi tútù kan yọ nínú ike,
ó fi ọ̀bẹ là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹni ń gé búrẹ́dì.
Ẹnìkan mí kanlẹ̀. Dọ́là méjìlá nìyẹn.
"Ọgbẹ́ yìí á jinná. Èyí tí ẹ bá ṣàánú rẹ̀,
ẹ̀ ń bọ̀ wá sin ín."

Harlan Dunaway dìde, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin,
ó ṣí fìlà.
"Pépà búlúù tó wà lára ẹ̀ka yẹn, tèmi ni.
Èmi ni mo tà á. Igba irú rẹ̀ ni mo tà lọ́dún náà."

Ẹ̀rọ kọfí nìkan ló ń kùn.
Pelfrey pàápàá ti jí.

Lorna nu ọ̀bẹ mọ́ ṣòkòtò.
"Èmi ni mo gbìn ín," ó ní,
"níwájú ilé ẹ̀kọ́, nígbà tí mo ń gbaṣẹ́ ọjọ́.
Mo rí gbòǹgbò náà. Ọjọ́ Ẹtì ni,
ọ̀gá wa ń fun fèrè ọkọ̀,
mo bo erùpẹ̀ lé e."

Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó yẹ kí òun gbójú sí.
Láti ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, Eusebio Tzoc nawọ́,
ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ àfi fún omi:
"Àwọn yòókù ńkọ́?"

Wọ́n ní àsọyé mẹ́ta ṣì kù lẹ́yìn oúnjẹ.
Àwa mẹ́sàn-án ò dúró.
Ọkọ̀ Dunaway ló ṣáájú, ṣọ́bìrì ń mì lẹ́yìn rẹ̀,
títí dé òpópónà ilé ìkàwé,
níbi tí mépù mẹ́rìnlá to lọ́wọ̀ọ̀wọ́, láìléwé.
Eusebio kúnlẹ̀ nídìí àkọ́kọ́,
ó bọ ìbọ̀wọ́, ó ti ìka bọ erùpẹ̀ tútù,
ó ń tọ́ ọ káàkiri bí ẹni ń wá bọ́tìnnì lókùnkùn.
Lójijì, ọwọ́ rẹ̀ dúró.
"Ẹ mú ayùn wá," ó ní. "Èyí ṣì ń mí."