Ohùn Tí A Kò Lò

Ẹja ni bàbá rẹ̀ ń pa ní Newlyn,
níbi tí òkun ti ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe.
Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Morwenna Tregear
nígbà tó fi owó bàtà ilé-ìwé ra àlòkù gìtá.
Okùn márùn-ún ló wà lórí rẹ̀, ìkẹfà ti já.
Ó ní kò burú. Ó kọ orin tí kò nílò ìkẹfà.

Mi ò sí níbẹ̀. Òun ló sọ fún mi,
bó sì ṣe ń sọ ọ́ kì í dọ́gba: nígbà mìíràn, okùn mẹ́rin ni.

Ṣùgbọ́n mo rí fọ́tò kan: Bristol, ilé ọtí abẹ́ ilẹ̀,
irun rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò,
ẹnu rẹ̀ là débi pé ẹ lè ka eyín rẹ̀ tán.
Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kọ rọ́ọ̀kì kiri
nínú ọkọ̀ kan tó ń rùn bí òógùn àti bíà.
Rẹ́kọ́ọ̀dù kan tà. Méjì kò tà.
Ìkẹrin, ẹni tó ń bá a tà á gbé owó sá lọ sí Sípéènì.

Lọ́jọ́ kan ní Leeds, ó la ẹnu, afẹ́fẹ́ ló jáde.
Dókítà ní kókó wà lọ́nà ọ̀fun.
Wọ́n gé e. Ohùn padà, ṣùgbọ́n bí àlejò ló ṣe padà:
kò bọ́ bàtà, kò jókòó pẹ́.

Èmi bá a nínú abà tí wọ́n ti ń fi iyọ̀ sí ẹja láyé àtijọ́.
Ó ti kó ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ síbẹ̀.
Iyọ̀ ṣì wà lára ògiri; bí òjò bá ṣú, ògiri á làágùn.
Iṣẹ́ mi ni kí n se tíì, kí n ká téèpù.
Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó jókòó lẹ́yìn gíláàsì, kó máa gbọ́.
Onílù á lù ú títí; á ní, "Bọ́ bàtà rẹ.
O ò gbọ́ ara rẹ. Bàtà lò ń gbọ́."
Akọrin á gbé ẹsẹ márùn-ún wá; á mú abẹ,
á gé téèpù, á lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀:
ẹsẹ méjì. Akọrin á sunkún. Orin á dúró.

Ègé téèpù kún ilẹ̀ abà,
ohùn tí a kò lò,
à ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ sídìí tíì.

Nígbà tí ẹ̀rọ tí kì í lo téèpù dé, ó ta abà.
Mo rò pé ó parí. Ó ra tábìlì.
Ó ń kọ̀wé, kì í ṣe nípa ara rẹ̀ o:
nípa àwọn obìnrin tó ń la ẹja ní èbúté,
Loveday, Jenifer,
ìyá rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbóná.

Ó fi í ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.
Abẹ ti gba ojú ìwé kọjá; ihò wà láàárín gbólóhùn,
mo ń rí ìka ara mi níbẹ̀.
Lẹ́bàá èyí tó tóbi jù, ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́:
"Ibí ni mo ti fẹ́ kígbe.
Se tíì. Tún un kà."