Yeter

Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ni Döndü: "ó ti yí padà."
Kò yí.
Èyí tó tẹ̀ lé e ni Songül, òdòdó ìkẹyìn;
òdòdó ò gbọ́, ó tún tanná.
Èmi dé lọ́jọ́ ìkórè ólífì.
Bàbá ò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà,
ó já orúkọ mọ́ èso, ó jù ú sísàlẹ̀:
Yeter. Ó tó gẹ́ẹ́.

Ọkùnrin tí wọ́n ń retí ò yà lọ́dọ̀ wa.

Lónìí mo ń da tíì sí ife rẹ̀,
ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó gbé e sókè:
"Yeter."
Bóyá tíì ló tó,
bóyá èmi ló pè,
n ò bi í.
Mo dá an lóhùn.