Ìpara Funfun

Àbẹ́là gbígbóná ló dà sí Mosúnmọ́lá lápá
ní Ìtòkú, níbi tó ti ń ya ẹyẹ sáṣọ.
Ní Ìdí-Àbá, ìpara funfun tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ
di ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà;
kì í lo ọjọ́ méjì kó tó tán.
Mo ní, "Ẹ bá mi mú un wálẹ̀."
Oníkẹ́míìsì ní, "Ìyá, oògùn kì í ṣe àdìrẹ."

Ìdìpọ̀ kìíní di báńdéèjì.
Ìkejì di abẹ́rẹ́.
Ìkẹta, ti ẹyẹ tó ṣẹ́ku apá kan,
mo ká a, mo tú u, mo tún ká a,
mo tà á ní ọ̀pọ̀.
Lánàá ó bi mí: "Màámi, ẹyẹ mi dà?"
Mo ní ó ti gbẹ, ó wà nílé.

Nọ́ọ̀sì ń ra ìpara sí i lápá.
Ọmọ mi ń ké,
èmi ń ṣírò.