Fọ́ọ̀kì Baba Wilf

Kí wọ́n tó gbé e wọnú áńbúláǹsì, ó ké sí mi:
"Má fún wọn ní búrẹ́dì o!"
Ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi,
ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nínú afẹ́fẹ́ àárọ̀ Grimsby,
afẹ́fẹ́ tó ti orí òkun dé, tó ń rùn bí yìnyín àti ìfun ẹja.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi wọkọ̀ ojú omi,
ó ń wọ́ àwọ̀n nínú òkùnkùn
lápá ibi tí oòrùn ti máa ń gbàgbé àtiyọ.
Ìka méjì ni ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò béèrè wọn padà.
Ẹja tó ti pa ò lóǹkà.
Mẹ́sàn-án péré ló wá ń sìn ní pálọ̀,
ó ń fi ìka tó kù bó èèpo píìsì fún wọn
lọ́kọ̀ọ̀kan,
bí ẹni ń san gbèsè tí ẹnikẹ́ni ò béèrè.

Ó lẹ ìwé mọ́ ara fìríìjì:
"Gé kùkúḿbà pẹlẹbẹ. Bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú méjì, má jù bẹ́ẹ̀.
Fi fọ́ọ̀kì gún un, kó lè rì.
Yọ ohun tó bá ṣẹ́ kù láàárọ̀,
àìjẹ́bẹ́ẹ̀ omi á dàrú, wọ́n á máa mí gúlegúle."
Ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sísàlẹ̀: "Bíi tèmi."

Èmi tí mo ti ibi iṣẹ́ òru dé,
tí mo ti wẹ ìyá oníyàá,
tí mo ti fi ṣíbí bọ́ bàbá oníbàábá,
mo tún wá dúró nídìí sítóòfù onísítóòfù,
mò ń bọ kùkúḿbà fún ẹja.
Ìyá mi pè láti Ìlá.
"Ẹja wo? Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ sè lọ́la?"
"Rárá, Màámi. Ẹja wíwò ni."
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ adìẹ kan lẹ́yìn rẹ̀.
"Ẹja wíwò,"
bí ẹni tọ́ ọbẹ̀ wò tí kò bá iyọ̀ níbẹ̀.
"Ẹ máa wò ó o."

Ọjọ́ kìíní, wọn ò débẹ̀.
Ọjọ́ kejì, pupa kan fimú kàn án, ó sá.
Ọjọ́ kẹta, òjò ò jẹ́ n dé ṣọ́ọ̀bù, kùkúḿbà sì ti tán.
Tẹ̀tẹ̀ ló wà lójú fèrèsé mi, nínú garawa ọ̀dà,
èyí tí irúgbìn rẹ̀ bá mi wọ̀lú nínú ìbọ̀sẹ̀.
Mo já ewé mẹ́ta. Mo bọ̀ ọ́.
Mo fi òwú dì í mọ́ fọ́ọ̀kì.

Mo paná. Mo jókòó sórí àga Baba Wilf.
Dúdú ńlá, tí mi ò rí rí àfi ìrù rẹ̀,
yọ lábẹ́ igi, ó rọra ń bọ̀,
ó fi ẹnu rẹ̀ tó rí bí bọ́tìnnì lẹ̀ mọ́ ewé,
ó ń fá a, ó ń fá a,
àwọn yòókù sì tò tẹ̀lé e.
Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, ìyẹn la mọ̀.
Ta ló mọ̀ pé kò ní tẹ́ láwùjọ ẹja?

Mo ròyìn fún un ní ọsibítù.
"Ṣé o yọ èyí tó ṣẹ́ kù?"
Mo ní iṣan ewé nìkan ló kù.
Ó rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi yọjú.
Oúnjẹ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ó ti tutù,
píìsì ti hunjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Ọjọ́ kẹrin nìyẹn tí kò jẹun.
Mo mú ẹyọ kan, mo tẹ èèpo rẹ̀, ó bọ́.
Mo gún un ní fọ́ọ̀kì.
Ó wo fọ́ọ̀kì. Ó wò mí.
Ó lanu.

"Kò níyọ̀," ló wí.
Mo ní àwọn tilé ò ráhùn.