Ẹfun Lára Pákó

Lẹ́ẹ̀rùn èṣí, "ìyẹsì" ni ìrẹsì lẹ́nu ẹ,
"ọtọ̀" ni ọkọ̀.
A rẹ́rìn-ín, a gbé oúnjẹ fún un.

Lónìí, níbi ìlagi wa l'Ókè-Agbo, n'Íjẹ̀bú-Igbó,
lẹ́búlẹ́bú igi nínú irun,
Moróhùnmúbọ̀ ń fìka tọ ohun tí mo fẹfun kọ sára pákó:
O. K. O.
Ó dákẹ́.
"Bàbá àgbà, oko ni àbí ọkọ́?"

Ogójì ọdún tí mo ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀,
agbẹ́gilódò kankan ò bi mí.
"Pákó ọkọ̀ ojú omi ni."

Ó gba ẹfun lọ́wọ́ mi,
ó kán àmì méjì sísàlẹ̀,
ó fa ìlà kan sórí èyí tó kẹ́yìn.
"Ọkọ̀!"
K rẹ̀ le bí ìrókò.

Ẹ̀rọ ń ké. Kò gbọ́.
Ó ti kọjú sí pákó kejì.